Ọjọ́ Tí A Ò Tí Ì Rí

Ní Vardø, lóṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ.
Aago mẹ́jọ àárọ̀ dúdú, aago mẹ́jọ alẹ́ dúdú,
ìbejì ni wọ́n, ojú lásán ò lè yà wọ́n.
Bàbá mi Torleif jí, ó rí òkùnkùn lójú fèrèsé,
ó ní, "Ilẹ̀ ti ṣú," ó gbé oògùn wárápá rẹ̀ mì.
Ó sùn díẹ̀. Ó jí. Òkùnkùn ò kúrò níbi tó wà.
Ó tún ní, "Ilẹ̀ ti ṣú."

Èmi dé láti ibi tí a ti ń la ẹja,
ìpẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ apá aṣọ mi.
Mo bá a nídìí sítóòfù, ó ń rìn bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi;
ilẹ̀ yàrá dúró jẹ́ẹ́, òun nìkan ni ìgbì ń gbé.
Ó fẹ́ pè mí, "Sunniva,"
orúkọ mi jáde bí ẹni gbé ọ̀dùnkún gbígbóná sẹ́nu.
Mo bínú. Mo rò pé ọtí ni.
Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀: kọfí, ẹja gbígbẹ. Kò sí ọtí.
Ìgbà náà ni mo tó wojú rẹ̀ dáadáa.
Ẹyinjú ń fò, ó ń fò, sọ́tùn-ún, sósì,
bí ẹni ń sáré ka ìwé kan tí èmi ò rí.

Àpótí oògùn wà lórí tábìlì, yàrá méje fún ọjọ́ méje.
Ọjọ́rú là ń ṣe. Mo ṣí Ọjọ́bọ̀: ó ṣófo.
Ẹtì ṣófo. Àbámẹ́ta pàápàá, kò ku hóró kan.
Bàbá mi ti jẹ ọjọ́ tí a ò tí ì rí.

Mo fẹ́ ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì í.
Mo ti ń bu mílíìkì.
Obìnrin orí fóònù ní, "Rárá, má ṣe é.
Oorun ti ń gbé e lọ; èébì lè gba ọ̀nà èémí.
Fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Jókòó tì í. Máa ka èémí rẹ̀.
Kó páálí oògùn gbogbo dání, títí kan èyí tó ṣófo.
Aago mélòó lo rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ dá?"
Aago mélòó. Nínú oṣù yìí, ta ló mọ̀?

Ọkọ̀ òfurufú kékeré gbé wa lọ sí Kirkenes.
Wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀,
wọ́n tún fà á lóru, wọ́n tún fà á,
torí oògùn yìí a máa rọra gùnkè lẹ́yìn tí ẹnu ti gbàgbé rẹ̀.
Mo ní, "Bí a bá délé, òkun ni n ó da gbogbo rẹ̀ sí."
Dókítà mi orí. "Ẹni tó bá já a lójijì, wárápá á fi ìbínú padà.
Okùn tó fún un lọ́rùn yìí náà ló so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté.
A ó dẹ̀ ẹ́ ni. A ò ní gé e."

Lọ́jọ́ kẹta, ẹyinjú dúró.
Ó wo fèrèsé, ó wò mí.
"Sunniva, àárọ̀ ni àbí alẹ́?"
Mo wo aago ọwọ́ mi. Mẹ́jọ.
Mo ní kó ṣe sùúrù, kí n lọ bi nọ́ọ̀sì.