Wíwo Inú Màlúù ní Paikon Kore

Kí oòrùn tó mú, a ti dé ọ̀dọ̀ Gidado,
lẹ́yìn Gwagwalada, níbi tí ọ̀dà ti pin.
Ọyẹ́ ti ha ètè gbogbo wa.
Mo gbé ẹ̀rọ kọ́rùn bí ẹni gbọ́mọ sáyà,
mo na ìbọ̀wọ́ ọ̀rá dé èjìká,
mo da òróró sí i, ó tutù bí imú ajá.

Màlúù mẹ́tàlélógún ló tò sí ẹnu ọgbà.
Gidado ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Nọ́ńbà lèmi ń kọ.

Ó ní, "Dókítà, ojú la fi ń mọ̀ ọ́n.
Èyí tó bá lóyún, ìrìn rẹ̀ á wúwo,
irun ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dán,
kò ní í jẹ́ kí akọ súnmọ́ òun."
Mi ò bá a jiyàn.
Ojú tó ti sin màlúù fún ogójì ọdún
kì í ṣe ojú tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.
Ṣùgbọ́n inú jìn, baba.
Inú jìn ju ìrìn lọ.

Èkíní, òfìfo.
Èkejì, oyún oṣù mẹ́ta, ó ń yí nínú omi dúdú.
Ẹ̀kẹta ta mí nípàá lórúnkún,
mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ó wá kan abo funfun, àyànfẹ́ agbo,
tí ikùn rẹ̀ rí rìbìtì,
tí gbogbo ilé ti ń bá a ka oṣù.
Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn,
mo nu ojú ẹ̀rọ, mo tún un wò.
Oyún la ń retí. Ọyún la bá,
ó ń rọra yí bí omi ògì tí a rú.
Àmì bíńtín lábẹ́ lẹ́tà kan,
òun ló ya ayọ̀ nípá kúrò lára àìsàn.
Mo ní abẹ́rẹ́ wà fún un, yóò sàn.
Gidado ń wo ibòmíràn.

Ìkẹyìn ni Oole, pupa rúsúrúsú,
òjò ọdún méjì, kò bí.
Alápatà Dobi ti san àsansílẹ̀,
okùn ti wà lórí ìwo rẹ̀.
"Má wulẹ̀ wo ìyẹn," ni baba wí.
Mo ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó tó sọ ọ́ tán.

Ohun kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀.
Kò ju hóró ọkà bàbà lọ,
ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú,
bí iná ọ̀kadà tó ń bọ̀ lókèèrè lóru.
Ogójì ọjọ́, bóyá ó lé.
Mo yí ojú ẹ̀rọ sí baba.
Ó di ojú kan, ó fi ìkejì wò ó,
ó ní eérú lásán lòun rí.
Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.
Ó tú okùn. Ó pe alápatà lórí fóònù,
ó ní "a'a", ó tún ní "a'a",
ó pa fóònù, ó fi gèlè ọrùn rẹ̀ nu imú.

Níbi tí mo ti ń fọ apá
ni Takko, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti bu wàrà fún mi.
Ó bi mí ní Haúsá,
ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ:
ṣé ẹ̀rọ yìí a máa wo èèyàn?
Kò wò mí.
Okùn tí wọ́n tú lórí Oole ló ń wò, nínú ekuru.

Mo ní rárá, ti ẹran ni.
Mo ní ilé ìwòsàn wà ní Gwagwalada.
Ó ní, ta ni yóò mú òun lọ?
Èmi tí mo ti ń wo inú láti àárọ̀,
mi ò rí èsì kankan nínú tèmi.
Mo kọ orúkọ nọ́ọ̀sì kan sórí ìwé, mo fà á ya,
ó ká a mọ́ etí ìró rẹ̀.

Bátìrì ti ń kú lọ. Mo pa ẹ̀rọ.
Nínú ìwé mi, ìlà mẹ́tàlélógún ló kún.
Ọ̀kan ṣẹ́kù nísàlẹ̀.
Mi ò fa igi lé e.