Omi Tó Mọ̀ Wá

Ní San Antonio de los Cobres, orí òkè la wà,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ bí aṣọ tó ti gbó,
tí àlejò á rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, á dúró, á di àyà mú.

Ìyá mi àgbà, Nicolasa Guanuco,
ń bu omi ẹ̀rọ sínú ìkòkò, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.
Omi náà mọ́ gaara. Kò rùn, kò korò,
kò sí ohun tí ojú lè bá a wí.
Àpáta ló fi májèlé sí i lábẹ́ ilẹ̀,
ásẹ́níìkì, díẹ̀ díẹ̀,
láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ òkè náà lórúkọ.

Àwọn tí omi náà pa, ó ti pa wọ́n tipẹ́.
A kò mọ orúkọ wọn. Ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn, mo rò bẹ́ẹ̀.
Àwọn tí kò pa ló bí àwọn tó bí wa.
Ogún wa nìyẹn, ogún tí a kò rí pín.

Ní ọdún tí mo pé mẹ́rìnlá, obìnrin kan wá láti Salta
pẹ̀lú àpótí yìnyín àti àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́.
"Ẹ tutọ́ síbí," ó ní. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Láti kékeré ni wọ́n ti ní n má tutọ́ níwájú àlejò."
Ó tutọ́ ṣá. Ó tún un tu, nítorí kò dé ojú ìlà.

Ọdún méjì kọjá kí èsì tó dé:
nínú àbùdá wa, lẹ́tà kan yí padà níbì kan,
bí àṣìkọ ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà gbàgbé láti fàlà sí,
ara wa sì mọ bó ṣe ń yára lé májèlé náà jáde.
"Ibo ló ń gbà jáde?" Obìnrin náà sọ fún un.
Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́: "Itọ́ lẹ gbà, ìtọ̀ lẹ wá ń yìn!"

Mo lọ sí Rosario. Mo fẹ́ ọmọ apẹja odò Paraná
tí ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé gbígbẹ. A bí Fausto.
Imú bàbá rẹ̀, èékánná tèmi,
gbogbo ẹbí ń pín in bí ẹran ọdún.
Ṣùgbọ́n ta ló lè wo ojú ọmọ kó sọ ohun tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ mọ̀?

Lónìí a gun òkè wá. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta.
Ọ̀fun gbẹ ẹ́. Ìyá àgbà ti bu omi sínú ife,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń ta sílẹ̀.
Omi ìgò wà nínú àpò mi. N kò mọ bí mo ṣe máa yọ ọ́
kó má dà bíi pé ìyá mi ni mò ń kọ̀.

Ó wò mí. Ó wo àpò.
Ó gbé ife náà sẹ́nu ara rẹ̀, ó mu ún tán, ó nu ẹnu.
"Fún un ní tirẹ̀," ó ní. "Omi yìí ò tíì mọ̀ ọ́n."

Fausto mu omi Rosario títí ìgò fi gbẹ,
ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà,
ó tutọ́ sílẹ̀, ó tún tu,
nítorí ó fẹ́ràn ihò kékeré tó ń dá sínú eruku.