Kẹ̀kẹ́ Barau

Adágún tó wà láàrin Pèyì àti Gúdábá kò tóbi.
Bí o bá kí èèyàn láti etí omi níhìn-ín,
wọ́n á gbọ́ ọ lọ́hùn-ún.
Ọdún mọ́kànlá ni ẹnikẹ́ni ò fi dáhùn.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé èmi ará Ìlá débẹ̀.
Mo ń pọn omi pẹ̀lú àwọn obìnrin Gbágyì
tí wọ́n ń gbé ẹrù lé èjìká;
wọ́n ní orí ti ń ru ìrònú, ó tó o.

Lọ́dún yẹn, oòrùn lá omi
bí ọmọdé ṣe ń lá àwo ẹ̀kọ.
Ẹrẹ̀ sán, ọ̀nà àtijọ́ yọ,
bàtà ẹsẹ̀ kan yọ, abọ́ páànù kan,
lẹ́yìn náà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Barau mọ̀ ọ́n.
Kẹ̀kẹ́ tó ní àwọn ará Pèyì jí,
tó torí ẹ̀ kọ àwọn àna rẹ̀ sílẹ̀.
Bùrùkùtù ló wà lójú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó fi etí aṣọ nu agogo rẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́. Ẹrẹ̀ ló jáde.
A wò ó. A wo ibòmíràn.

Ní ìdájí mo rí i, iṣu mẹ́ta
léjìká rẹ̀, bí obìnrin,
ó ń tẹ ọ̀nà gbígbẹ náà lọ sí Pèyì
bí ẹni tí ń tẹ ẹyin.

Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án,
kò dá títí ọjọ́ kẹta.
Omi ti bo ọ̀nà.
N kò mọ̀ bóyá wọ́n gba iṣu náà.
Barau kò tíì padà.