Bátìrì Mẹ́rin

Mo ná àjẹmọ́nú oṣù méjì tán ní Lọ́kọ́ja:
bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun fún Yèyé,
ife tí wọ́n fi wúrà kùn létí,
ìpara olóòórùn tí ahọ́n mi ò lè pe orúkọ rẹ̀.
Mo dì í, mo tú u, mo tún un dì,
mo so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn
bí ẹni ń fa ewúrẹ́ ọdún lọ sílé àna.

Mọ́tò la eruku símẹ́ńtì Ọ̀bájánà kọjá.
Ní Kàbbà mo ra iṣu sísun, mi ò lè jẹ ẹ́ tán;
ojú inú ni mo fi ń wo Yèyé
tó ń gbọ̀n rìrì fún ayọ̀ lórí ẹrù mi.

A dé Mọpà, ọyẹ́ ti fi eérú bo orí àpáta.
"Okun o," ni Yèyé wí, "okun o, ọmọ mi."
Ó fọwọ́ pa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan,
bí a ṣe ń pa orí ọmọ ọlọ́mọ.
"O ṣé. Bá mi gbé e sínú àpótí."

Mo ṣí àpótí páànù.
Ọdún méje ló sùn síbẹ̀.
Ṣọ́ọ̀lù tí Mẹ́dùpin fi ránṣẹ́ láti Kàdúná,
iye owó rẹ̀ ṣì ń fì lọ́rùn.
Bàtà tí kò tíì fojú kan ilẹ̀.
Aago ọwọ́ tó kú sínú páálí
ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ta ló mọ̀ bóyá òwúrọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́.
Nísàlẹ̀ pátápátá, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan,
onírun, àwọ̀ kan náà.
Èmi ni mo rà á ní èṣí.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ojú ara mi ló tì mí.

"Yèyé, ẹ ò lo ìkankan?"
"Mò ń tọ́jú wọn ni."
"Fún ta?"
Kò fèsì. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ abẹ́ ìrọ̀rí,
ó fa tọ́ọ̀ṣì kan jáde, ara rẹ̀ ti họ,
rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ló di ìdí rẹ̀ mú.
Bàbá Òtítọ́jù ló rà á fún un
lọ́dún tí kọfí wọn kọ́kọ́ wọ ọjà.

"Eléyìí ni mo fi ń wo ojú ẹni tó bá kanlẹ̀kùn lóru.
Òun ni mo fi ń ka ewúrẹ́ wọlé.
Ó ti ṣú láti ìgbà tí a ti wa iṣu.
Mi ò fẹ́ da yín láàmú."

Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù Dáúdà. Bátìrì mẹ́rin:
méjì fún òní,
méjì fún ìgbà tí n kò ní sí nílé.
Owó rẹ̀ ò tó owó ríbọ́ọ̀nù.

Ó sì bèèrè ríbọ́ọ̀nù náà!
"Okùn pupa yẹn dà?"
Ó já rọ́bà kúrò, ó so ó mọ́ tọ́ọ̀ṣì,
ó fi kọ́ ọrùn ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́:
iná ṣẹ́ yọ.
Ojú mi ló kọ́kọ́ tàn án sí.
Ó wò mí pẹ́,
ó sún mọ́ mi, ó tún wò mí.
"Irun etí rẹ ti ń funfun," ni Yèyé wí.
"Ta ló ń tọ́jú ìwọ náà lọ́hùn-ún?"

Mo ní oorun ń kùn mí.