Èémí Lábẹ́ Orin

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi la igi
ní iléeṣẹ́ ìlagi kan lójú ọ̀nà Ọ̀dà, l'Ákùúrẹ́.
Ayùn ló jẹ nínú etí mi díẹ̀díẹ̀,
bí ikán ṣe ń jẹ férémù fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kò fura.
Èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀, mi ò fẹ́ fi ṣòfò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ́jú owó sínú agolo mílíìkì
fún oṣù méje, láìsọ fún ìyàwó mi,
tí mo sì wọ Arákalẹ̀ lọ lọ́jọ́ Sátidé kan
pẹ̀lú etí tí mo ti fi òwú nù mọ́
bí ẹni tó ń lọ jẹ oúnjẹ Olúwa.

Akíngbóyè, ọmọ tó ń tajà, kò ju ọmọ ogún ọdún lọ.
Ó gbé dúdú kan tó tóbi bí abọ́ ẹ̀bà lé mi lórí:
"Bàbá, ẹ gbọ́ béèsì!"
Mo gbọ́ béèsì. Béèsì nìkan ni mo gbọ́.
Ó dà bí àlejò tó wọlé, tó nà gbọọrọ sórí gbogbo àga,
tí akọrin kò rí ibi fìdí lé.
Èkejì ń dún ṣínṣín;
gbogbo sí àti sá ẹnu akọrin ń gún mi bí abẹ́rẹ́.
Ẹ̀kẹta dáa, àmọ́ ó fún mi lórí bíi fìlà àbúrò ẹni:
kí orin kan tó parí, àgbọ̀n mi ti ń ro mí.

"Kí lẹ ń wá gan-an, Bàbá?"
Ìbéèrè ńlá.
Mo fa fóònù mi yọ, mo ní orin tèmi ni kó fi dán an wò,
kì í ṣe tirẹ̀;
a kì í fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn wọn bàtà.

Ẹ̀kẹrin, àwọ̀ eérú, okùn ló ní,
kò sí iná tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀,
tìmùtìmù rẹ̀ sì rọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́.
Ó bo etí mi. Arákalẹ̀ dákẹ́.
Ọlọ́kadà kan ń yanu, mi ò gbọ́ ohun tó wí.
Iye tó pè é, mi ò ní kọ ọ́ síbí,
nítorí ìyàwó mi mọ̀wé.

Lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n mú iná lọ ní Òkè Àró,
mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé,
mo tan orin tí ẹgbẹ́ akọrin wa gbà sílẹ̀
lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé ìjọ,
èyí tí mo ti gbọ́ ní àìmọye ìgbà lẹ́nu fóònù,
tó máa ń dún bí ẹni pé inú garawa la ti kọ ọ́.

Yàrá kan ṣí níwájú mi.
Àwọn obìnrin wà lósì, àwa ọkùnrin wà lọ́tùn-ún,
dùùrù wà níbi tó wà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ń han.
Mo gbọ́ ẹni tó ṣí ìwé,
mo gbọ́ àkùkọ ilé pásítọ̀ tó kọ lọ́ọ̀ọ́kán,
mo sì gbọ́ Morádéun, ẹ̀gbọ́n mi,
bó ṣe fa èémí sínú kó tó gbé ohùn sókè.
Èémí yẹn.
Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí a ti sin ín,
èémí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ orin,
kò sẹ́ni tó sọ fún mi.
Mo dá a padà. Mo tún dá a padà.

Níbi ẹsẹ kẹta, ẹnìkan láàrin àwọn ọkùnrin
ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ wọlé, ohùn rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀.
Ó pẹ́ tí mo ti ń bú ẹni yẹn;
Fámákinwá ni mo máa ń dì í rù.
Mo wá gbọ́ ọ dáadáa.
Fámákinwá kọ́.
Èmi ni.

Irinṣẹ́ gidi kì í pọ́nni.
Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi jáde sí ẹ̀yìnkùlé,
ẹnu rẹ̀ ń lọ, mi ò gbọ́ ohun tó ń wí,
àmọ́ mo rí agolo mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dorí kodò.
Mo bọ́ ìbotí náà, mo nà án sí i.
Mo ní, "Kọ́kọ́ gbọ́ Morádéun ná."