Àṣàyàn Orin Mẹ́rìnlá

Lọ́dún tí Mísítà Háákẹ́tì kúrò nílé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
wọ́n pàtẹ ohun tí kò lè kó relé sábẹ́ máńgòrò:
abọ́, bàtà òjò, àga tó ń mì.
Náírà méjì ààbọ̀ ni bàbá mi fi ra àwo orin kan,
òun tí ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ.

Oṣù mẹ́sàn-án ni páálí rẹ̀ fi wà lára ògiri:
ọkùnrin méje lẹ́bàá ojú irin,
irùngbọ̀n kíkún, irun tó balẹ̀ léjìká bí ìrù ẹṣin,
kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.
Ìyá mi ní, "Lágbàyí, àwọn olè wo lo kó wọlé yìí?"

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, gìtá mẹ́ta ń lé ara wọn bí ajá ọdẹ.
A ò gbédè. Bàbá ń tú u fún wa bó ṣe wù ú:
"Èyí, ìyá rẹ̀ ló kú. Èyí, ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà.
Èyí, Jọ́jíà ni wọ́n ń kì. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bíi tiwa,
Háákẹ́tì ló sọ fún mi, níbi tá a ti jọ ń tú ẹ́ńjìnì.
Orin mẹ́rìnlá. Àṣàyàn ni. Inú àwo mẹ́fà ni wọ́n ti ṣà wọ́n."
Ìyá mi ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, kò gbójú sókè:
"Àwọn tí wọn ò ṣà ńkọ́?"

Lójú kejì, orin kẹta, ojú ọgbẹ́ kan wà lára àwo.
Abẹ́rẹ́ a débẹ̀, a ta kọ́sọ́, a padà,
ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún,
títí Bàbá yóò fi àtàǹpàkò tẹ àpótí náà.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́ lọ sódò:
a ó débẹ̀, a ó kọsẹ̀,
ẹnìkan yóò lu garawa, a ó máa lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Sábó, lára fóònù ọmọ kan tí ń ta káàdì,
mo gbọ́ ọ. Mo dúró sínú oòrùn.
Ó dé ojú ọgbẹ́ náà, ó kọjá lọ gbọọrọ,
bí ẹni tó gba iwájú ilé wa kọjá tí kò kí wa.
Ó ṣe mí bíi kí n sọ fún ọmọ náà pé ó ti fo nǹkan.

Níbi ìsìnkú Bàbá, àlùfáà ka iṣẹ́ rere rẹ̀ lórí ìwé:
díákónì, ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí.
Kò ka alẹ́ tí iná kú ní yàrá iṣẹ́ abẹ,
tí dísẹ̀lì ti tán,
èyí tí Bàbá tà, tó fi san owó ilé ìwé mi.
N ò mọ ẹni tó wà lórí tábìlì.
Lóru ni mo gbọ́ ọ, láàárín òun àti ìyá mi,
wọ́n rò pé mo ti sùn.

Lẹ́yìn páálí, lábẹ́ orúkọ àwọn orin, bírò rẹ̀ ṣì wà:
Jálá mẹ́rin. Jálá mẹ́rin. Jálá mẹ́rin. Jálá mẹ́rin.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀.