Kílò Mẹ́tàlélógún

Síkúrù kan bọ́ lọ́wọ́ mi lánàá,
kò tó ẹyin eèrà.
Mo wá a lábẹ́ tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú ní Arákalẹ̀,
oníbàárà dúró tì mí, ó ń wo aago.
Bọ̀dá, ṣé ara yín yá?
Ara mi yá.
Ọwọ́ ni kò yá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí.
Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹríba,
n kò kí ọba, n kò kí àgbà,
fóònù tójú rẹ̀ fọ́ ni mo ń foríbalẹ̀ fún.
Bí mo bá sì délé, tí mo na ẹ̀yìn lórí ibùsùn,
tèmi ni mo tún tẹ ọrùn wò.

Ọjọ́ tí ìdérí kẹ́ẹ̀gì epo kọ̀ tí kò ṣí fún mi,
Ìyá Àgbà gbà á, ó yí i lẹ́ẹ̀kan.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó kàn wo ẹ̀yìn ọrùn mi
bí àgbẹ̀ ṣe ń wo igi kòkó tó ń wọ́ sápá kan.

Òun ló fà mí lọ sọ́dọ̀ Fẹhíntọ́lá,
ọmọ Ìta-Ògbólú tó ń tọ́jú eegun ní ọsibítù.
Ó gbé irin kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fún un.
Mo fún un títí ojú mi fi pọ́n.
Abẹ́rẹ́ dìde, ó rò ó, ó jókòó:
kílò mẹ́tàlélógún.

Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́?
Ìyá Àgbà nu àtẹ́lẹwọ́ sí ìró,
àtẹ́lẹwọ́ tó ti ń la kòkó l'Ọ́dà
láti ìgbà tí bàbá mi kò tíì rákòrò.
Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!
Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

Fẹhíntọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka méjì tẹ ìdí ọrùn mi,
nǹkan ṣẹ́ bí iná, ó sáré dé àtàǹpàkò.
Ó ní, Kò jọ pé ọwọ́ ló ṣẹ̀.
Ṣé o ti rí rọ́bà omi tí ènìyàn dúró lé rí?
Kànga kún, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́,
ẹ̀fọ́ ń gbẹ lópin rọ́bà.
Orí rẹ lo gbé dúró lé e.

Kí n fẹ̀yìn ti ògiri láràárọ̀,
kí n fa àgbọ̀n sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n na ẹja tó ti rà sí,
kí n máa fún aṣọ tútù títí omi inú rẹ̀ yóò fi tán.
Èmi ni mo wá ń fọ aṣọ Ìyá Àgbà báyìí.
Ó ní ìtọ́jú yẹn dára púpọ̀.

Lónìí mo fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé tábìlì mi sókè.
Mo gbójú sókè.
Ọdún mẹ́ta tí mo ti wà níbí, n kò mọ̀
pé wọ́n ti parí ilé alájà mẹ́ta ní òdìkejì títì,
pé wọ́n ti kùn ún, pé ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí.
Ẹnìkan ń sá aṣọ lókè níbẹ̀.
Ó juwọ́ sí mi
bí ẹni tó ti ń juwọ́ ọ̀hún tipẹ́.